Báwo ni labalábá ṣe ń mọ ewé tí yóò yé ẹyin sí?

Ọgbà_Ẹ̀yìnkùlé

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìjẹta, mo sì gbà pé ibí ni mo ti lè rí ẹni tí yóò tú u fún mi. Mo jókòó ti àwọn ìkòkò tí mo gbin nǹkan sí, nígbà tí labalábá ńlá kan, dúdú tí ó ní àmì ìyeyè káàkiri ìyẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti orí ewé kan bọ́ sí orí òmíràn. Kò wá oje òdòdó kankan. Ó kàn ń bà lé ewé ni, yóò fi ẹsẹ̀ iwájú gbá ojú ewé náà kíákíá bí ẹni tí ń lu gángan, kí ó tó ka méjì yóò ti gbéra. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lórí irúgbìn mẹ́fà tàbí méje tí gbogbo wọn tutù yọ̀yọ̀, kò sí èyí tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn nínú wọn. Ìgbà tí ó dé orí ọsàn kékeré kan tí kò tíì ga dé orúnkún mi, ó lu ewé rẹ̀ bí ó ti lu ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó ká ìdí rẹ̀ sábẹ́, ó lẹ ẹyin kan ṣoṣo mọ́ ewé ọ̀dọ́ kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹyin náà rí roboto, àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín funfun àti ìyeyè, kò sì tóbi ju orí píìnì lọ.

Ohun tí kò yé mi nìyí. Labalábá tí ó ti dàgbà kì í jẹ ewé. Kò ní ẹnu tí ó lè fi gé nǹkan jẹ; ọ̀pá tín-ín-rín tí ó fi ń fa oje ni ó ní. Báwo ni ẹni tí kò lè tọ́ ewé wò ṣe ń mọ èyí tí ọmọ rẹ̀ yóò lè jẹ, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ ní í dúró rí ọmọ náà?

Akọ̀wé_Kòkòrò

Àbúrò, o kú àfojúsí. O ti dáhùn ìbéèrè ara rẹ láìmọ̀. Labalábá yẹn tọ́ ewé wò, ìṣojú rẹ ni ó sì ṣe é, àmọ́ ẹsẹ̀ ni ó fi tọ́ ọ wò. Irun wẹ́wẹ́ wà ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ iwájú abo labalábá, wọ́n kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn. Ihò bíńtín wà ní ṣóńṣó irun kọ̀ọ̀kan, inú irun náà sì ni iṣan ìmọ̀lára wà, èyí tí ń gbé ìròyìn adùn tàbí ìkorò lọ sí ọpọlọ gẹ́gẹ́ bí ahọ́n tiwa ṣe ń ṣe. Ìlù tí o rí yẹn ni ó fi ń tẹ ojú ewé, tí ó sì ń họ ọ́ díẹ̀, kí ohun tí ó wà lára ewé lè kan àwọn irun náà dáadáa. Abo tí ẹyin wà nínú rẹ̀ ni ó máa ń ṣe iṣẹ́ yìí jù. Akọ kò ní ohun tí ó ń wá níbẹ̀.

Bí o ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, ó jọ Papilio demodocus, tí ó fẹ́ràn ọsàn àti àwọn ìbátan ọsàn. Ó ní ìbátan kan ní Jàpáànù tí wọ́n ń pè ní Papilio xuthus, tí òun náà ń yé ẹyin sórí ọsàn, òun sì ni àwọn olùwádìí ti yẹ̀ wò fínnífínní. Wọ́n rí i pé kì í ṣe èròjà kan ṣoṣo nínú ewé ọsàn ni ó ń mú un yé ẹyin. Àkópọ̀ èròjà púpọ̀ ni. Bí wọ́n bá fi ọ̀kan nìkan kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó lè má ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pò wọ́n pọ̀, yóò ká ìdí, àní bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ewé oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n kun ún sí. Ọ̀kan nínú àwọn èròjà wọ̀nyí ni synephrine. Ní ọdún 2011, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé àwọn rí ohun agbàtọ́wò tí synephrine ń kàn lára ẹsẹ̀ labalábá yìí, pẹ̀lú àbùdá (gene, ìyẹn ìlànà àjogúnbá inú ara) tí ó ń ṣẹ̀dá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dín agbára àbùdá náà kù, ẹsẹ̀ kò gbọ́ adùn synephrine dáadáa mọ́, ìyéyin náà sì dín kù.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìdílé labalábá ńlá kan wà tí ó dà bí ẹni pé ẹsẹ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n ní, nítorí pé ẹsẹ̀ méjì iwájú ti súnkì, wọ́n sì ká wọn mọ́ àyà. Wọn kò fi wọ́n rìn mọ́ rárá. Síbẹ̀, abo wọn ṣì ń nà wọ́n jáde láti fi lu ewé, ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ tí kò wúlò fún ìrìn mọ́ ti di ahọ́n pátápátá.

Ìyá_Elédòdó

Mo gbà pẹ̀lú Akọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé pé ẹsẹ̀ ni ó ń parí ẹjọ́, òun kọ́ ni ó ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Labalábá kò lè máa ba lé gbogbo ewé tí ó wà láyé kí ó tó rí èyí tí ó ń wá; ilẹ̀ yóò ti ṣú. Ojú ni ó kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ láti òkèèrè, òórùn a sì máa ràn án lọ́wọ́ bí ó bá ti súnmọ́ tòsí.

Dora Ilse ṣe ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 1937 lórí labalábá funfun tí ń yé ẹyin sórí kábéèjì, èyí tí wọ́n ń pè ní Pieris brassicae. Ó lo bébà aláràbarà. Nígbà tí ebi oje òdòdó ń pa labalábá, kò ka bébà aláwọ̀ ewé sí. Nígbà tí ó tó àkókò àti yé ẹyin, bébà aláwọ̀ ewé àti èyí tí ó fẹ́ jọ búlúù díẹ̀ ni ó ń bà lé, ó sì ń fi ẹsẹ̀ lu bébà bí ẹni pé ewé ni. Labalábá kan náà ni, ojú kan náà ni. Ohun tí ó wà nínú ikùn rẹ̀ ni ó yí ohun tí ojú ń wá padà. Ìdí nìyẹn tí labalábá tirẹ, àbúrò, kò fi wo òdòdó kankan ní gbogbo àkókò tí o fi ń wò ó.

Onímọ̀_Ewé

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ìhà ti ewé, nítorí ìhà yẹn gan-an ni ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀. Àwọn èròjà tí labalábá ń fi ẹsẹ̀ wá, púpọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ pé ewé dá wọn sílẹ̀ láti fi lé kòkòrò sá. Ohun ìjà ni. Ìdílé kábéèjì àti mọ́sítáàdì ní èròjà tí wọ́n ń pè ní glucosinolate. Bí kòkòrò bá gé ewé jẹ, èròjà yìí yóò pàdé ẹ̀yà mìíràn nínú ewé, yóò sì di ohun tí ó ta ẹnu gan-an, òun ni ó ń fún mọ́sítáàdì ní títa rẹ̀. Kòkòrò tí kò bá mọ bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ kò ní í padà wá. Àwọn labalábá Pieris ti rí ọ̀nà rẹ̀: inú ikùn ìdin wọn ni èròjà kan wà tí ń darí glucosinolate gba ọ̀nà mìíràn kí ó tó di oró. Láti ìgbà náà ni ohun ìjà ti di àmì ojúlé. Ohun tí ń lé àwọn yòókù ni ó ń pe Pieris wá.

Ọdún 1910 ni Verschaffelt, ará Netherlands kan, fi èyí hàn lára àwọn ìdin náà. Ó mú ewé tí ìdin Pieris kì í fẹnu kàn, ó fi sinigrin, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn glucosinolate, pa á lára, wọ́n sì jẹ ẹ́. Ní ọdún 1964, Paul Ehrlich àti Peter Raven kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó gbajúmọ̀ títí di òní, wọ́n ní ìjàkadì gígùn láàárín ewéko tí ń dá oró tuntun àti labalábá tí ń wá ọ̀nà gba inú oró náà kọjá ni ó fà á tí ìdílé labalábá kan fi máa ń rọ̀ mọ́ ìdílé ewéko kan. Èyí ni ó ṣàlàyé ìdí tí labalábá rẹ fi kọ ewé mẹ́fà tí ó tutù yọ̀yọ̀. Bí ó ti wù kí ewé tutù tó, bí ìdin kò bá ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ebi ni yóò pa á níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé oró fúnra rẹ̀ ni ẹsẹ̀ máa ń wá nígbà gbogbo o. Ẹ wo labalábá aláwọ̀ ọsàn ńlá ti Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Danaus plexippus, èyí tí ìdin rẹ̀ ń jẹ àwọn ewéko olóje funfun bíi wàrà, ìdílé kan náà pẹ̀lú bòmubòmu. Oró tí ó wà nínú ewé wọ̀nyí ń ba ọkàn ẹranko jẹ́, ìdin náà sì ń kó o pamọ́ sí ara rẹ̀ kí ẹyẹ má baà lè jẹ òun. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n wá ohun tí ó ń mú ìyá yé ẹyin gan-an, àwọn èròjà mìíràn nínú ewé kan náà ni wọ́n rí, àwọn tí kò ní oró bẹ́ẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní flavonol. Àmì lásán ni fún un.

Sùúrù_Lérè

Ẹ kú àlàyé o. Mo ní àtakò kan, ẹ má bínú. Ṣé kì í ṣe pé a ń tú ọ̀rọ̀ tí kò lọ́jú pọ̀ yìí jù? Ọsàn ni labalábá yìí jẹ nígbà tí ó wà ní ìdin. Ó rántí rẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ ohun kan dàgbà yóò mọ adùn rẹ̀ níbikíbi tí ó bá ti bá a pàdé. Kí ni a tún ń wá àbùdá àti kẹ́míkà sí?

Akọ̀wé_Kòkòrò

Kì í ṣe ìwọ ni o kọ́kọ́ rò ó bẹ́ẹ̀, Sùúrù. Hopkins, onímọ̀ kòkòrò inú igbó ní Amẹ́ríkà, ti sọ irú rẹ̀ ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe èrò náà títí di òní. Ó dùn ún gbọ́, ó sì bọ́gbọ́n mu. Ìṣòro rẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n dán an wò, tí wọ́n tọ́ ìdin lórí ewé kan tàbí òmíràn, tí wọ́n sì jẹ́ kí abo tí ó jáde lára wọn yan, ewé tí ó jẹ dàgbà kì í sáábà yí ohun tí ó yàn padà. Àbínibí ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n má rò pé mo gba gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ dànù. Labalábá ń kọ́ ẹ̀kọ́, àmọ́ ìgbà tí ó ti dàgbà ni ó ń kọ́ ọ. Mark Rausher ni ó fi èyí hàn ní Texas, àpilẹ̀kọ rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1978. Labalábá Battus philenor ni ó ń tẹ̀ lé kiri, èyí tí ń yé ẹyin sórí oríṣi méjì ewéko tí ń jẹ́ Aristolochia níbẹ̀. Ewé ọ̀kan gbòòrò, ewé èkejì rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ó kíyè sí i pé abo kan kì í wá méjèèjì pọ̀. Èyí tí ó bá ń wá ewé gbòòrò, ewé gbòòrò ni yóò máa bà lé, títí kan àwọn ewé gbòòrò tí kò tilẹ̀ jẹ́ ìbátan Aristolochia rárá; èyí tí ó bá ń wá ewé tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn koríko tẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò máa tàn án. Ẹsẹ̀ ni yóò sì sọ fún un pé àṣìṣe ni. Bí o bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí, rántí ìgbà tí o ń wá kọ́kọ́rọ́ rẹ tí o gbà pé ó wà lára okùn pupa: gbogbo ohun tí ó bá ti pupa ni ojú rẹ yóò máa kọ́kọ́ mú.

Ohun tí ó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé wọ́n ń yí padà bí àkókò ti ń lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àkókò, ewé gbòòrò ni púpọ̀ nínú wọn ń wá. Bí ewé gbòòrò náà bá ti gbó, ó máa ń le, ìdin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò sì lè gé e jẹ dáadáa. Nígbà náà ni wọ́n máa ń yí sí ewé tẹ́ẹ́rẹ́. Nítorí náà, ẹsẹ̀ mọ ohun tí ó tọ́ láti ìgbà ìbí, ojú ni ó ń kọ́ irú ohun tí ó yẹ kí ó máa wò.

Ọgbà_Ẹ̀yìnkùlé

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ewé tí ó gbó yìí rán mi létí nǹkan. Ọsàn mi ní ewé àtijọ́ púpọ̀ tí ó dúdú tí ó sì ń dán, ewé ọ̀dọ́ rẹ̀ kò ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ ní orí ẹ̀ka kan. Labalábá náà kọjá gbogbo ewé àgbà, orí ewé ọ̀dọ́ ni ó lẹ ẹyin sí. Mo rò pé ó ṣèèṣì ni.

Onímọ̀_Ewé

Kò ṣèèṣì, àbúrò. Ewé ọ̀dọ́ rọ̀, omi inú rẹ̀ pọ̀, nitrogen inú rẹ̀ sì máa ń pọ̀ ju ti ewé àgbà lọ, ohun tí ìdin sì nílò jù láti fi dàgbà kíákíá nìyẹn. Ìdin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kéré débi pé ewé líle dà bí pátákó fún un. Ó sì ní láti rí nǹkan jẹ ní ibi tí a gbé yé e sí, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e jìnnà.

Ọmọ_Olùkọ́

Mo ti ń ka ìjíròrò yìí láti àárọ̀, mo fẹ́ fi ti Heliconius kún un, nítorí níbẹ̀ ni ewé ti ń tan labalábá jẹ. Àwọn labalábá Heliconius ti ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà ń yé ẹyin sórí Passiflora, ewéko tí ń gun igi. Ẹyin wọn ní àwọ̀ ìyeyè tí ó hàn kedere. Ìdin wọn a máa jẹ ẹyin àti ìdin mìíràn tí ó bá bá lórí ewé, ìdí nìyẹn tí ìyá kì í fẹ́ yé ẹyin síbi tí ẹyin ẹlòmíràn ti wà. Yóò kọ́kọ́ fara balẹ̀ yẹ ewé náà wò. Àwọn oríṣi Passiflora kan ti wá ní kókó ìyeyè kéékèèké lára ewé tàbí lára ọwọ́ tí wọ́n fi ń gun igi, ó sì jọ ẹyin náà gan-an. Kathy Williams àti Lawrence Gilbert dán an wò, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1981: ewé tí ó ní ẹyin tàbí ohun tí ó jọ ẹyin lára, labalábá kì í tètè yé sí i bíi ti ewé tí kò ní nǹkan kan. Ewéko tí kò lè sá, tí kò sì lè fọwọ́ lé ẹnikẹ́ni, ti kọ "yàrá ti kún" sí ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀.

Sùúrù_Lérè

Ọmọ_Olùkọ́, èyí dùn mọ́ mi. Ó dáa, mo ti gba ti ẹsẹ̀ àti ti ojú. Ẹ wá sọ fún mi: bí ìyá bá mọ̀ tó báyìí, ṣé kì í ṣàṣìṣe rárá ni?

Ìyá_Elédòdó

Ó ń ṣe é, ó sì lè ná an ní gbogbo ọmọ rẹ̀. Labalábá funfun kan wà ní ìlà-oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pieris virginiensis. Ewéko igbó kéékèèké inú ìdílé mọ́sítáàdì ni ó ń yé ẹyin sí láti ìgbà láéláé. Àwọn ènìyàn kó ewéko mìíràn dé láti Yúróòpù, Alliaria petiolata, tí òun náà wá láti inú ìdílé kan náà. Ẹsẹ̀ labalábá bà á, ó gbọ́ adùn tí ó mọ̀, ó yé ẹyin sí i. Ìdin jáde, ó jẹ ewé náà, ó kú. Àmì ojúlé tọ́, ilé ni kò tọ́. Ẹsẹ̀ kò purọ́ fún un; ayé tí ẹsẹ̀ náà ti kọ́ ìmọ̀ rẹ̀ ni ó yí padà lójijì.

Èyí tí ó tún lágbára ju ìyẹn lọ ni ti Euphydryas editha, tí Michael Singer àti Camille Parmesan ròyìn rẹ̀ ní ọdún 2018. Ní pápá kan ní Nevada tí wọ́n ti ń da màlúù, àwọn labalábá yìí fi ewéko ìbílẹ̀ wọn, Collinsia, sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n yí sí Plantago lanceolata tí ó wá láti Yúróòpù, nítorí pé ìdin wọn ń yè lórí rẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe àṣìṣe rárá nígbà náà. Ìyípadà náà wọ inú àbùdá wọn débi pé gbogbo wọn ni ó wá ń yan Plantago. Nígbà tí ó yá, wọ́n kó màlúù kúrò. Kò sí ẹni tí yóò jẹ koríko mọ́, koríko ga, ó ṣíji bo Plantago, oòrùn kò dé ibi tí ẹyin àti ìdin wà, ibẹ̀ sì tutù jù fún wọn. Àwọn labalábá náà parun pátápátá ní pápá yẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni Collinsia wà níbẹ̀ nítòsí wọn, oòrùn ń pa á, kò sí èyí tí ó padà sí i. Nígbà tí labalábá tún dé pápá náà lẹ́yìn náà láti ibòmíràn, Collinsia ni wọ́n ń yé ẹyin sí.

Mo máa ń rò ó pé ohun tí a ń pè ní ewé tí ó dára, kì í ṣe ewé nìkan ni. Oòrùn tí ó kàn án wà níbẹ̀, koríko tí ó yí i ká wà níbẹ̀, màlúù wà níbẹ̀.

Akọ̀wé_Kòkòrò

Òtítọ́ ni Ìyá sọ, kí a sì fi àwọn ọ̀tá kún un. Agbọ́n kan wà tí ń jẹ́ Trichogramma, kò gùn tó mìlímítà kan, inú ẹyin àwọn kòkòrò mìíràn ni òun náà ń yé ẹyin tirẹ̀ sí. Ìṣòro tirẹ̀ ni bí yóò ṣe rí ẹyin labalábá tuntun nínú pápá ńlá. Ní ọdún 2005, Nina Fatouros àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé ọ̀nà tí ó ń gbà. Nígbà tí akọ Pieris brassicae bá gun abo, yóò fi òórùn kan sílẹ̀ sí i lára, benzyl cyanide, kí àwọn akọ mìíràn má baà dà á láàmú. Agbọ́n bíńtín yìí ti mọ òórùn náà. Bí ó bá gbọ́ ọ lára abo, yóò mọ̀ pé abo yìí ti fẹ́ lọ yé ẹyin, yóò gùn ún lẹ́yìn bí ẹni wọ ọkọ̀, yóò sì bá a dé orí kábéèjì. Ìgbà tí labalábá bá yé ẹyin tán ni agbọ́n náà yóò sọ̀ kalẹ̀.

Ewé fúnra rẹ̀ kì í sì í káwọ́ gbera. Bí Pieris bá yé ẹyin sórí Brassica nigra, tí í ṣe mọ́sítáàdì dúdú, ara ewé tí ó wà lábẹ́ ẹyin náà lè kú, kí ó sì gbẹ, ẹyin a gbẹ tàbí kí ó já bọ́. Nítorí náà, ìyá tí ń yan ibi tí yóò yé sí ń dá ẹjọ́ láàárín adùn ewé, ọjọ́ orí ewé, oòrùn, ẹyin tí ó ti wà níbẹ̀, àti ọ̀tá tí ó lè máa bọ̀ lẹ́yìn, nígbà tí ó jẹ́ pé ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ní láyé kò pọ̀. Bí kò bá rí ibi tí ó dára títí, tí ẹyin sì ti pọ̀ nínú rẹ̀, kì í ṣàṣàyàn tó bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé ìyá labalábá mọ ohun tí ó dára jù fún ọmọ rẹ̀, òtítọ́ ni ó sọ dé ibì kan. Èmi yóò kúkú sọ pé ó mọ ohun tí ó dára tó.

Ọmọ_Olùkọ́

Ṣé gbogbo wọn ni ó ń yé ẹyin sórí ewé tí ọmọ wọn yóò jẹ ni?

Akọ̀wé_Kòkòrò

Rárá. Argynnis paphia ti Yúróòpù, ewéko kékeré tí ń jẹ́ Viola ni ìdin rẹ̀ ń jẹ, ṣùgbọ́n inú èèpo igi tí ó wà nítòsí Viola náà ni ìyá ń fi ẹyin pamọ́ sí. Ìdin yóò jáde, yóò sùn nínú èèpo náà jálẹ̀ ìgbà òtútù, ìgbà tí ilẹ̀ bá móoru ni yóò sọ̀ kalẹ̀ wá oúnjẹ. Àwọn mìíràn sì wà tí ìdin wọn ń jẹ koríko, tí ìyá wọn kàn ń da ẹyin sílẹ̀ bí ó ti ń fò lórí pápá. Bí oúnjẹ bá wà níbi gbogbo, kí ni a fẹ́ yàn?

Ọgbà_Ẹ̀yìnkùlé

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun. Mo ti padà wá ròyìn. Lẹ́yìn ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ nípa ewé oníṣẹ́ ọwọ́, mo run ewé ọsàn mọ́ra, mo fi omi rẹ̀ pa ewé òdòdó kan tí labalábá náà ti kọ̀ tẹ́lẹ̀ lára. Ó di ọ̀sán àná kí irú rẹ̀ kan tó dé. Ó ba lé ewé tí mo pa náà, ó lù ú, kò sì gbéra kíákíá bíi ti àwọn yòókù. Ó tún un lù lẹ́ẹ̀kejì, ó tẹ ìdí sábẹ́ díẹ̀. Mo ti mí sínú. Ṣùgbọ́n ó na ìdí rẹ̀ padà, ó fò lọ sórí ọsàn, ó sì yé ẹyin méjì níbẹ̀, lórí ewé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Onímọ̀_Ewé

O káre! Àbájáde tí ó dára ni o rí yẹn. Ewé tí o pa omi ọsàn sí ní èròjà tirẹ̀ nínú, àwọn èròjà kan sì wà tí ń sọ fún ẹsẹ̀ labalábá pé kí ó má yé. Ìpè àti ìkìlọ̀ ni ó bá pa pọ̀ lójú ewé kan. Bí o bá fẹ́ tún un ṣe, bébà aláwọ̀ ewé ni kí o lò, kò ní ohun tí yóò fi bá ọ jiyàn.

Ọgbà_Ẹ̀yìnkùlé

Mo ti gé bébà náà, mo sì ti fi okùn so ó mọ́ igi kékeré kan. Ẹyin àkọ́kọ́ ti ṣú láti àná, ó sì pa ní òwúrọ̀ yìí. Ìdin tí ó jáde kò gùn ju mìlímítà mẹ́ta lọ, ó dúdú ó sì ní ibi funfun láàárín bí ìgbẹ́ ẹyẹ. Èèpo ẹyin rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ jẹ tán, ó wá yí orí sí etí ewé ọ̀dọ́ náà.